Ọwọ́ Ìyá Mi Lára Ògiri, Orin Íńdíà Lẹ́nu Bàbá Mi

Ilé tí a bí mi sí ní Kambolé kò sí mọ́. Àgbàdo ni wọ́n ń gbìn sí ojú ibẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi a máa yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń yẹra fún igun ògiri. Ògiri náà ti lọ tipẹ́. Ara mi ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ti kàwé púpọ̀ láyé mi. Bàbá mi ni ó kọ́ mi ní lẹ́tà Lárúbáwá lórí wàláà, nígbà tí ọ̀pọ̀ bàbá ní ìlú wa gbà pé ìka ọmọbìnrin kò bá kálámù mu. Nígbà tí mo dàgbà, tí ìjọba sì ti kúrò lọ́wọ́ àwọn Jámánì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé, mo kọ́ èdè tiwọn náà, mo sì fi ka ohun tí mo bá rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka nípa àwọn akéwì ilẹ̀ Íńdíà tí ń fi èdè Úrúdù kéwì, àwọn tí ń fi lẹ́tà tí ó jọ ti Lárúbáwá kọ èdè tí kì í ṣe Lárúbáwá, gẹ́gẹ́ bí àwọn àáfà wa ti ń fi í kọ Yorùbá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí a máa bá Ìgbà sọ̀rọ̀ ní ojúkojú, bí a ti ń bá àlejò tí ó ti jókòó pẹ́ jù sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ọ̀dọ́langba. Iná ni. Iṣẹ́ ni. Òun ni wọ́n gbà pé ó ń mọ ohun kan, bí a ti ń mọ ilé, tí ikú yóò yí ká títí tí kò ní rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo kà á, orí mi sì wú, nítorí pé kí n tó mọ orúkọ èdè náà ni mo ti mọ ewì kan nínú rẹ̀ sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wá ewì náà nínú gbogbo ìwé tí ọwọ́ mi tó. N kò rí i. Ó lè jẹ́ pé ẹnu mi nìkan ni ó kù sí lábẹ́ ọ̀run, ìyẹn a sì máa bà mí lẹ́rù.

Bàbá mi ni ó mú un wá sílé. Àáfà ni, ó sì rìn lọ sí Mẹ́kà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó gba ilẹ̀ Háúsá kọjá lọ síhà ìlà oòrùn, ó ń kọ́ ọmọ ní kéú ní ibi tí owó bá ti tán. Nígbà tí ó dé ìlú mímọ́ náà, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ títí àwọn tí wọ́n jọ lọ fi padà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé dídì ni ó gbà á sí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀. Lárúbáwá díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn. Bí ọkùnrin yìí bá ń rán ìwé, a máa kéwì ní èdè rẹ̀, ohun kan náà lójoojúmọ́, títí tí bàbá mi fi ń kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ ìtumọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan.

Bí bàbá mi ti máa ń sọ ìtumọ̀ náà fún wa nìyí. Akéwì náà bi Ìgbà léèrè pé: ìwọ tí ń ká ọjọ́ bí aláṣọ ti ń ká aṣọ lọ́jà, èwo nínú wọn ni o wọ̀ rí? Ìgbà dáhùn pé òun kì í wọ aṣọ, yíya ni òun ń ya á. Òun ti ya ti ọba, òun ti ya ti alágbe. Ṣùgbọ́n aláró kan wà tí ó pa aṣọ kan láró fún ẹni tí ó fẹ́ràn. Òun ya aṣọ náà tán, aró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà wá ni òun ti ń fọ ọwọ́ nínú gbogbo odò ayé, kò sì ṣí.

Ẹsẹ kan ṣoṣo ni ó kù tí a kò túmọ̀, èyí tí ó kẹ́yìn. Ará Íńdíà náà ní kí ó di ọ̀la. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, àwọn ará Kánò tí wọ́n gbà láti mú bàbá mi padà ti di ẹrù, wọn kò sì dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbé ohùn ẹsẹ ìkẹyìn náà bọ̀ wá sí Kambolé láìgbé ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìlú gba ewì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bàbá mi a máa kà á jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìrun alàásárì nígbà tí ó bá rò pé òun nìkan ni ó jókòó. Àwọn tí ń kọjá gbọ́ ohùn tí ó lọ sókè tí ó lọ sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí ó jọ Lárúbáwá, wọ́n sì mọ̀ pé Mẹ́kà ni ó ti wá. Wọ́n dúró, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ṣe àmín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí ibà ń ṣe wá pé kí Àáfà kọ àdúrà Mẹ́kà yẹn sí wàláà fún wọn, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, kí ọmọ mu ún. Bàbá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe àdúrà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé onírẹ̀lẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ kan sì mu ún tí ara rẹ̀ yá, ọ̀rọ̀ tán. Èmi kò mọ ìlú mìíràn ní ayé tí àwọn ènìyàn ti ń mu ewì ìfẹ́ nítorí ibà.

Mo ní láti sọ nípa ìyá mi báyìí. Ní ìgbà náà, amọ̀ ni gbogbo ilé wa, àwọn obìnrin ni ó sì ń rẹ́ ògiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí òjò tó dé. A ó rẹ èèpo èso igi irú sínú omi títí tí omi náà yóò fi pọ́n, òun ni a ó fi po amọ̀, nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí ògiri le kí ó sì kọ omi. Lẹ́yìn tí a bá rẹ́ ẹ tán, tí ó ṣì tutù, obìnrin tí ó ni yàrá náà yóò fi ìka mẹ́ta fa ọnà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ti ìyá mi a máa sọ̀ kalẹ̀ bí omi tí ń ṣàn lórí iyanrìn, yóò wá dúró lójijì ní ìbú ọwọ́ kan sí ilẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pè é. Ó ní bí ọnà bá kan ilẹ̀, ikán á gùn ún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni.

Àìsàn tí ó pa á kò gùn. Bàbá mi kọ àwọn ẹsẹ Kùránì sí wàláà fún un lárààárọ̀, ó ń mu ún. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi ní kí ó kọ ti ará Íńdíà yẹn fún òun. Bàbá mi ní, “Ìwọ náà? Ìwọ tí o mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà?”

Ìyá mi ní, “Gbogbo ìlú ni ó ti mu ún. Èmi tí mo fẹ́ ọ ni kò tíì tọ́ ọ wò.”

Ó kọ ọ́. Títí dé ẹsẹ ìkẹyìn tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó kọ, ó fọ̀ ọ́, ó gbé igbá náà sí i lẹ́nu. Ìyá mi mu ún, ó ní ó korò bí àwọn tó kù, ó sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó rántí Ìgbà tí ń fọwọ́ kiri gbogbo odò, ó ní ẹni tí kò lè fọ aró kúrò lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ lásán ni. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sin ín kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà tó rọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó rẹ́ ògiri rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e dé, mo ti tó ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ọkọ, èmi sì ni obìnrin tí ó kàn láti rẹ́ yàrá ìyá mi. Mo ti po amọ̀. Mo ti mú ṣùkù àgbàdo lọ́wọ́, nítorí pé amọ̀ tuntun kì í lẹ̀ mọ́ èyí tí ó dán. Ènìyàn ní láti tu omi sí ti àná kí ó sì fi ṣùkù ha á títí ọnà náà yóò fi parẹ́ lójú. Bàbá mi jáde sí mi. Ó wo ṣùkù náà. Ó ní kí n lọ fi amọ̀ mi rẹ́ ilé adìẹ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ògiri yẹn. Lẹ́yìn ìrun alàásárì, tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìlà ìka ìyá mi a máa mú òjìji, a sì máa jọ pé wọ́n ń rìn. Bàbá mi yóò jókòó síwájú rẹ̀ lórí awọ àgùntàn, yóò máa kéwì. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe àmín tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kọjá. Wọ́n ní Àáfà ń bá òkú sọ̀rọ̀.

N kò lè sọ pé irọ́ ni. Bí mo bá wà nínú yàrá náà ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo ilé ti lọ oko iṣu, mo máa ń gbọ́ ìró kan lára ògiri, jẹ́jẹ́, gígùn, bí ìró àtẹ́lẹwọ́ tí ń rẹ́ amọ̀ tútù. Yóò lọ sísàlẹ̀, yóò dúró. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, opó tí ó ń gbé ọ̀dọ̀ wa, gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó ní, “Ìyá rẹ ń ṣe iṣẹ́ tí wọn kò jẹ́ kí o ṣe.” Mo mọ̀ lónìí pé amọ̀ gbígbẹ ni ó ń ya kúrò lára ògiri ní inú, tí ó ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn amọ̀ òde. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni etí mi ń gbọ́.

Òjò ọdún náà jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Ó fọ omi irú inú amọ̀ lọ tán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣe wọ́nwọ́n bí etí àkàrà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kejì ń parí lọ, ẹni gbogbo rí ọ̀rọ̀ náà kedere: bí a bá rẹ́ ògiri, ọwọ́ ìyá mi yóò parẹ́ lójú bàbá mi, bí a kò bá rẹ́ ẹ, òjò tí ń bọ̀ yóò kó ọwọ́ àti ògiri lọ pọ̀. Bàbá mi nìkan ni kò gbà pé ọ̀nà méjì péré ni. Ó di ewì náà mú. Ó ní iṣẹ́ tí a fi ìfẹ́ ṣe ni Ìgbà kò rí fọ̀ dànù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un ní agbo ilé, lójú gbogbo wa, pé, “Àbúrò mi, aró ni akéwì rẹ sọ. Amọ̀ ni èyí. Bí òjò bá gbé ilé wó lé ọ lórí, ṣé aró ni a ó fi gbé ọ jáde?”

Bàbá mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Mo ti fi ọ́ sílẹ̀ láti èṣín. Ọmọ rẹ ni kò tíì rẹ́ ògiri yàrá kan rí. Ọkọ tí ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ yóò bi wá pé kí ni a kọ́ ọ, a ó ní a kọ́ ọ ní wíwò.”

A rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ ọjà kejì ó lọ sí Tchamba, ó sì bọ̀ pẹ̀lú ìròyìn. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé ọkùnrin Háúsá kan tí ń ta tùràrí àti tìróò ti dé sí Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò ní Sokodé, pé ó ti gbé ní Mẹ́kà láàrin àwọn ará Íńdíà títí irun rẹ̀ fi funfun, ó gbọ́ èdè wọn bí ẹni tí a bí sí i. Ó fẹ́ lọ bi í ní ẹsẹ ìkẹyìn. Bí ẹsẹ náà bá sọ pé kí a fi ògiri sílẹ̀, a ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá sọ nǹkan mìíràn, yóò gbọ́. Ó ní kí n múra. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni mí, ewì náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí já lẹ́nu rẹ̀ níbi kan níbi kan. Lẹ́nu tèmi ni ó pé.

A sùn ní Tchamba, lọ́dọ̀ ìbátan ìyá mi, kí a tó tẹ̀ síwájú. Láti ibẹ̀ lọ ni a ti bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ń lànà fún àwọn Jámánì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin láti abúlé gbogbo, tí wọ́n ń fi igi lu ilẹ̀ pupa kí ó le, ọlọ́pàá ń wò wọ́n lábẹ́ òjìji. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n, àkókò ebè iṣu sì ni. Ọ̀kan nínú wọn mọ bàbá mi. Ó kí i láìgbé ojú sókè, ó ní kí Àáfà bá àwọn ṣe àdúrà Mẹ́kà yẹn. Bàbá mi dúró. Mo rò pé yóò tún sọ pé kì í ṣe àdúrà. Ó kà á láti òkè délẹ̀ ní ojú ọ̀nà, wọ́n ń lu ilẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín sí orin aláró. Ibi tí ó ti já lẹ́nu rẹ̀, mo bá a so ó.

Ní Sokodé, mo kọ́kọ́ gbọ́ agogo ibùdó àwọn Jámánì. Wọ́n ń lù ú kí àwọn òṣìṣẹ́ lè mọ ìgbà tí a ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí a ń dáwọ́ dúró. Bàbá mi, tí ń fi òjìji ara rẹ̀ mọ àkókò ìrun, a máa yí orí padà bí ó bá ti dún, bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè. A gba àdúgbò Kouloundè dé Sóńgò, a sì bá ọkùnrin tí a ń wá lórí ẹní, ìgò tùràrí yí i ká. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. A kí i ní èdè Háúsá, ó dáhùn, ó ní kí bàbá mi jókòó. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó ní kí a kà á. Bàbá mi nawọ́ sí mi.

Mo kà á. N kò tíì parí ìlàjì rẹ̀ tí ọkùnrin náà ti ń gbọn orí bí ẹni tí ń jẹ oyin. Nígbà tí mo dé òpin, ó ní kí n tún un kà, ó wá bi wá bí a ti ń lò ó nílé. Bàbá mi sọ òtítọ́ fún un, ó sọ ti wàláà, ó sọ ti àmín.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Málàm, o ti mú kí gbogbo ìlú ṣe àmín sí ẹjọ́ tí olólùfẹ́ ń bá Ìgbà rò.”

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wọn kò ṣe àmín sí ohun búburú.”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti ṣe àmín sí ohun tí ó burú ju ìyẹn lọ, Lárúbáwá ni wọ́n sì fi sọ ọ́.” Ó nu ojú rẹ̀. “Èwo gan-an ni o fẹ́ mọ̀?”

Bàbá mi sọ pé ẹsẹ ìkẹyìn ni. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ kà á sínú ara rẹ̀. Ó tú u palẹ̀ ní Háúsá, ó dúró, ó tún tú u, títí tí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Akéwì náà ni ó padà dá Ìgbà lóhùn níbẹ̀. Ó ní: “Ẹni tí ó fi aṣọ náà pamọ́ sínú àpótí kí ọwọ́ rẹ má bàa tó o, ìwọ Ìgbà, aró tirẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ láéláé.”

Agogo ibùdó dún. Bàbá mi kò yí orí padà. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó dá a lójú. Ọkùnrin náà ní bí ó bá fẹ́ kí òun tan án jẹ, òun lè fún un ní èyí tí ó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Tìróò díẹ̀ ni ó wọ́n sínú ewé fún mi, ó ní kí ojú mi má ṣe fọ́ kí n tó ka ohun tí ó kù láyé tán.

Bàbá mi ṣáájú mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí a ń sún mọ́ Kambolé, tí ìkùukùu ti dúdú lẹ́yìn wa, ó bi mí bóyá èèpo irú wà nílé. Mo ní ó wà. Ó ní kí n rẹ ẹ́ sómi bí a bá ti wọlé.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ rẹ́ ẹ, ó mú igbá omi fúnra rẹ̀, ohun tí ọkùnrin kì í ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí ẹ wá wo Àáfà tí ó di ìyàwó ilé. Bàbá mi tu omi sí ògiri láti òkè. Amọ̀ gbígbẹ náà mu omi, ó dúdú, gbogbo ìlà tí òjò àti ọyẹ́ ti pa rẹ́ tún yọ jáde ní gbangba, títí kan ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi ti sinmi díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. A rí i fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn lè dá èémí rẹ̀ dúró. Bàbá mi forí ṣe àmì sí mi. Mo gbé ṣùkù sókè, mo ha á.

Mo ń ha á, mo ń sunkún, ó ń tu omi. Ṣùkù kì í dé ìsàlẹ̀ ìlà tí ó jìn, nítorí náà bí ìpele kan bá bọ́, òmíràn a yọ lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìyá mi ti ọdún tí ó ṣáájú, àti ti ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ń dúró ní ìbú ọwọ́ kan sí ilẹ̀. Nígbà náà ni mo rí i pé òun náà ti ń fi ṣùkù pa ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ lọ́dọọdún, ó sì ń kọrin bí ó ti ń ṣe é. Níbi tí ẹsẹ̀ ògiri ti jẹ jinlẹ̀ jùlọ, ìpele kan bọ́ odindi, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò jọ ti ìyá mi. Ọnà náà nípọn, ó lọ́ bí okùn, ó sì kan ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wà lẹ́yìn wa tí ó ń tọ́ka ibi tí mo fò. Ó súnmọ́ ọn, ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tirẹ̀ sínú ìlà náà, ìka rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ wẹ́kú.

Ó ní, “Ọwọ́ ìyá wa ni.”

Bàbá mi kò mọ̀ ọ́n. Ó kéré jù nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n dàgbà. Inú yàrá yẹn ni ó ti ń sùn láti ọjọ́ ayé rẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà ní ìbú ìka díẹ̀ sí orí rẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, kò sì mọ̀. Mo rí i tí ó fi ọwọ́ kan ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kò fi sínú ìlà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ara padà, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tútù náà pẹ̀lú aṣọ lára. Ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ rẹ́ ibi yòókù. Ẹ fi ibí sílẹ̀.”

Obìnrin tí ó ti ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà ní gbogbo ọdún náà ni ó ń sọ èyí. Mo wo bàbá mi, mo rò pé yóò gbà fún un, nítorí pé ta ni ó lè gbà fún un bí kò ṣe òun? Ìkùukùu ti bo oòrùn. Bàbá mi jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, ó sì tú ẹsẹ ìkẹyìn náà fún un ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń ṣìpẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ará Íńdíà yẹn kò mọ ìyá mi.”

Bàbá mi ní, “Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n.”

Afẹ́fẹ́ òjò bẹ̀rẹ̀ sí gbé ewé kiri àgbàlá, amọ̀ mi sì ń gbẹ létí agbada. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi nawọ́ sí mi láìwo ojú mi. Mo rò pé kí n gbé e dìde ni. Ṣùkù ni ó ń béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ha á, díẹ̀díẹ̀, láti òkè lọ sí ilẹ̀, bí ẹni tí ń wẹ ọmọ tuntun, bàbá mi ń tu omi síwájú ọwọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń ṣe é, ó ń sọ fún un bí ìyá wọn ti ń rìn, ohun tí ó fẹ́ràn láti jẹ, orúkọ tí ó fi ń pè é nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó sọ fún un pé bí a bá bi í léèrè ìdí tí ọnà rẹ̀ fi ń kan ilẹ̀, a máa ní kí ikán náà lè rí nǹkan gùn. Bàbá mi kò tíì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ rí. Ó ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ.

A rẹ́ ògiri náà kí òjò tó dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dán, ó pupa, ó tutù. Ó ku kí a fa ọnà sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní èmi ni mo ni yàrá báyìí. Mo na ìka mẹ́ta, mo gbé e dé ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, n kò lè ṣe é. Mo ní kí òun fà á. Ó ní ọwọ́ òun kì í ṣe ti ibẹ̀. A wo bàbá mi, ó sì wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ náà gbẹ mọ́ wa lójú.

Òjò wá, ògiri dúró. Ní gbogbo ọdún náà, òun nìkan ni ògiri tí kò ní ọnà ní àdúgbò wa, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí wàláà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn tí ń ti oko bọ̀ a máa dúró lójú ọ̀nà, wọn a bi bàbá mi pé ta ni ó tún kú tí ògiri rẹ̀ kò fi ní ọnà. Bàbá mi a sọ fún wọn pé kò sí ẹni tí ó kú, pé obìnrin tí yóò fa ọnà sí i ṣì ń ronú.